Ẹsẹ̀ Bàlúù

Apá rẹ̀ méjèèjì ti parí láti oṣù mẹ́ta.
Bí mo bá na tèmi tán, wọ́n ṣì gùn jù ú.
Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì àlejò, a ò gbàlejò mọ́.
Ẹsẹ̀ ló kù.

Mo ra sípóòkù kẹ̀kẹ́ ní Ògúnpa.
Múfútáù tó ń tún rédíò ṣe l'Ókè-Àdó
fún mi ní eríà tó ti kán,
idẹ tó ń wọnú idẹ, tó ń wọnú idẹ.
Mo ki sípíríǹgì báírò sí i nínú
kó lè tẹ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbà á.

Ẹsẹ̀ òsì yọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Òjé ṣàn bo oríkèé tíntín
tí mo fi odindi Sátidé há ní fáìlì.
Mo ṣépè.
Ìyàwó mi bi mí láti yàrá: "Ta lò ń bá jà?"
Mo ní, "Irin ni."

Bàbá mi ló ń fi igi di táyà bàlúù l'Álákíá,
ogún ọdún, kò sì wọ̀ ọ́ rí.
Á ní, "Apá ni gbogbo yín ń wò.
Ẹ bi mí léèrè ẹsẹ̀."

Lálẹ́ àná, iná lọ.
Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo gbé e sórí tábìlì, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ó tẹ̀. Ó ṣe bí ẹni mí kanlẹ̀. Ó dúró,
ṣùgbọ́n ó fì sí òsì,
bí bàbá mi ti í fì
bó bá ń retí bàlúù tó pẹ́.

Mi ò ní tún un ṣe.