Òdo Létí Odò

Aago mẹ́rin ìdájí ni ìsọtẹ́lẹ̀ máa ń wọlé,
á dé bí iṣu tí wọ́n dà sílẹ̀ láìkà:
ooru, ọ̀rinrin, ìfúnpá, ibi tí atẹ́gùn kọjú sí,
gbogbo ayé nínú fáìlì kan ṣoṣo,
òkun tí n kò rí rí,
yìnyín orí òkè àwọn ẹlòmíràn.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣà á.
Kí n mú ti Ìkìrun fún Ìkìrun, ti Ẹdẹ fún Ẹdẹ,
kí n wá Òṣogbo rí nínú òkìtì náà,
kí n fi wákàtí kan kún aago gbogbo,
torí ẹ̀rọ tó ṣírò rẹ̀ kì í lo aago tiwa.

Ẹ̀rọ náà kò mọ Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n wí i bẹ́ẹ̀.
Ó gé ilẹ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹni gé aṣọ ìrọ̀rí,
igun tiwa sì na ara láti Òkè-Báálẹ̀ dé ẹ̀yìn Ìlobùú.
Òkè-Fìà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, òjò kan náà ni lójú rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ti rí i
kí òjò fọ ọwọ́ òsì títì
kí ọwọ́ ọ̀tún ṣì máa fẹ́ eruku.

Ìdí nìyẹn tí Màmá Kíbírátù fi wà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń lóṣòó ti agolo òjò
nínú àgbàlá ibùdó wa, láàárọ̀, ní aago mẹ́sàn-án,
bírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìwé lọ́wọ́ rẹ̀,
ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú omi.
“Ẹni tó bá wo òjò láti òkè,” ló kọ́ mi,
“irọ́ ló máa kà.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń to ìwé rẹ̀ ti ìsọtẹ́lẹ̀,
òpó kan fún ohun tí ẹ̀rọ wí,
òpó kan fún ohun tí agolo rí.
Mo dé oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn:
ẹ̀rọ ní mìlímítà méjìlélógójì,
agolo ní òdo.
Ọ̀túnla rẹ̀ pàápàá, òdo.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òdo.
Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣì í
kí n tó rántí ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ nípa oṣù yẹn,
bí omi ṣe wọ yàrá Alájì Lásísì,
tí ẹní mọ́ṣáláṣí léfòó dé ọ̀nà ilé ẹran.

Ta ló kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ odò tó kún?

Mo lọ tú ìwé gidi jáde, èyí tí etí rẹ̀ ti pọ́n.
Kò sí òdo kankan níbẹ̀.
Ìlà mẹ́ta ṣófo,
lábẹ́ wọn, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé:
*Wákílù ọmọ mi. N kò lè wá.*

Èmi ni.
Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gba iṣẹ́ níbí,
èmi ni mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà
pé ibikíbi tó bá ṣófo, kó fi òdo dí i,
kí àwòrán lè dán, kí ọ̀gá lè yọ̀.
Láti ìgbà náà ni mo sì ti ń pè é ní Màmá Kíbírátù,
n kò bi ara mi rí
ìdí tí a fi ń pe abiyamọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀.

Mo ti pa àṣẹ náà rẹ́.
N kò sọ fún un. Kí ni n bá sọ?

Láàárọ̀ yìí ó wọlé, ìborí rẹ̀ tutù léjìká.
Ó lóṣòó, ó wò ó, ó ní, “Méje àbọ̀.”
Mo ní, “Ẹ̀rọ ní méjìlá, Ìyá Wákílù.”

Bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé.
Ẹ̀kán omi kan já láti etí páànù.

“Kọ méjèèjì,” ló wí.
“Kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.”