Ibi Tí Ẹnu Gègé Tẹ̀ Sí

Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n, nínú agolo bisikíìtì
tí Ìbídùn ìyàwó mi fẹ́ máa kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí.
Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ra ilẹ̀ l'Adó,
ìwọ ń ra ohun tí báírò igba náírà lè ṣe."
N kò jiyàn. Báírò ń kọ̀wé.
Ike náà ń gbé omi dúró,
àmù lòun fúnra rẹ̀ sì ti ń bu omi mu.

Èyí tó ń dán bí kóró iṣin, Ìkọ̀lé ni mo ti rà á
lọ́wọ́ opó akọ̀wé kóòtù kan;
ó fi ewùrà méjì lé e nítorí pé mo dọ̀bálẹ̀.
Èyí tó pupa, Japáànù ló ti wá.
Dìran ọmọ àbúrò mi ló bá mi tẹ fóònù tí a fi rà á,
ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi rìn kó tó dé Ìkẹ́rẹ́.
Ó ń yọ̀ lórí ìwé bí ẹsẹ̀ lórí òkúta Orólè lẹ́yìn òjò,
ṣùgbọ́n kò tíì mọ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ sọ, aláwọ̀ ewé ni, ìdérí rẹ̀ ti sán.
Ọmọ Tíṣà Fámọ́ròtí ló gbé e wá lẹ́yìn ìsìnkú,
pẹ̀lú rúlà, pẹ̀lú ìwé orúkọ kíláàsì
tí ikán ti jẹ ìdajì wa nínú rẹ̀.
Ó ní ẹgbàajì náírà.
Èmi tí Tíṣà nà, báwo ni n ó ṣe ná ẹrù rẹ̀?
Mo san án.

Ní kíláàsì kejì, òsì ni mo fi ń mú ṣọ́ọ̀kì.
Tíṣà á ní kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Pàṣán mẹ́fà.
"A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni,
òun lo wá fẹ́ fi kọ orúkọ baba rẹ?"
Kí ọdún tó yí, ọ̀tún ti kọ́ṣẹ́.
Òun ló ṣe ìdánwò, òun ló kọ lẹ́tà sí Ìbídùn,
òun ló buwọ́ lu ìwé ìfẹ̀yìntì mi.
Òsì ń di ìwé mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Mo rẹ gègé náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú.
Tàdáwà tó ti gbẹ sí i lọ́fun ń yọ díẹ̀díẹ̀,
búlúù, bí èéfín sìgá ẹni tó ń mu ún ní kọ̀rọ̀.
Mo ti da omi kìíní nù kí n tó rántí
pé ohun tí Tíṣà kò tíì kọ ló wà nínú rẹ̀.
Omi kejì wà nínú ìgò, lójú fèrèsé.

Mo rọ tàdáwà tuntun sí i, mo fi ọ̀tún mú un.
Ó ń ha ìwé bí ẹsẹ̀ adìyẹ.
Mo gbé awò aláago lé ojú:
góòlù ẹnu rẹ̀ ti jẹ lápá kan,
ó dà gẹ̀rẹ̀ bí àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ìdílé kan ti jẹ.
Kì í ṣe apá ibi tí ọ̀tún ń tẹ̀.

Mo jókòó. Iná lọ, n kò mọ̀.
Lóru ni, bóyá, lẹ́yìn tó bá ti ilẹ̀kùn,
lẹ́yìn tó bá ti fi ọ̀tún kọ̀wé sójú pátákó fún wa tán.
Ta ló kọ́kọ́ na òun náà?
N kò rí ẹni bi. Ọmọ rẹ̀ ti padà sí Àkúrẹ́.

Mo gbé gègé sí ọwọ́ òsì,
ọwọ́ tí kò kọ nǹkan kan láti ọgọ́ta ọdún.
Ọwọ́ gbọ̀n. Gègé kò gbọ̀n.
Ó mọ ibi tó ń lọ, ó ń fà mí.
Orúkọ baba mi ni mo kọ, wọ́gọwọ̀gọ,
lẹ́tà ọmọ kíláàsì kejì.

Kò tíì gbẹ tí Ìbídùn fi gbé fìtílà wọlé.
Ó ní, "Ta ló kọ èyí?"
Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.
Tàdáwà ti ta sí i.