Ohun Tó Kù Kó Pé

Yìnyín ti ń já bọ́ láti ìrọ̀lẹ́ nílùú Elko,
ìlú àwọn awakùsà nínú aṣálẹ̀ Nẹfádà.
Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sẹ́bàá títì, imú wọn funfun.
Lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, tábìlì kan, iná kan,
àti ìyá arúgbó tó wọ ìbọ̀wọ́ tí kò lórí ìka:
Verna Goyeneche, tíṣà ìṣirò,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí pátákó,
opó Ramon darandaran.

Káàdì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn pupa méjèèjì.
Mẹ́rin lórí tábìlì, ọkàn pupa ni méjì nínú wọn.
Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí wọn yóò ṣí.

Ọgọ́ta dọ́là ti wà láàárín.
Lyle Dunphy ti ọgọ́ta mìíràn síwájú,
ó gbé owó oníke náà kalẹ̀ gbì, bí ẹni sọ àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ ká bá ìyá kà á, ká má kánjú.
Káàdì mẹ́fà ni ojú rẹ̀ ti rí.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ:
mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, gbogbo wọn dojú délẹ̀.
Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́.
Mẹ́tàdínlógójì kò mọ̀ ọ́n rí.
Ẹ gbọ́ bí ahọ́n wa ṣe ń pè wọ́n:
àádọ́ta tó dín mẹ́rin, ogójì tó dín mẹ́ta.
Àwa a máa fi àìpé sọ iye lórúkọ.
Verna kò gbọ́ Yorùbá,
síbẹ̀ ohun tó dín náà ló ń kà.

Kó san ọgọ́ta kó lè kó ọgọ́fà: ẹyọ kan fún méjì.
Ṣùgbọ́n bí ire bá yọ lẹ́ẹ̀kan,
òfò á yọ lẹ́ẹ̀mẹrin, á tún ṣẹ́ díẹ̀ kù.
Ta ní í ra ewu mẹ́rin lówó èrè méjì?
Ó da káàdì rẹ̀ délẹ̀.

Lyle bú sẹ́rìn-ín. "Rosalva, jọ̀ọ́, ṣí èyí tó kàn ká wò ó."
Rosalva ṣí i.
Èjì. Ọkàn pupa.
"Tíṣà, ìṣirò yín wá dà?"
Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni nígbà kan, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó,
ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò yé e títí ó fi jáde.
Verna fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí. Ó yọ ìwé pélébé kan:
*Mo ṣe é dáadáa.*

Aago mọ́kànlá kọjá. Ẹ̀jọ àti ẹ̀sán lọ́wọ́ ìyá,
ẹ̀wá àti jáàkì lórí tábìlì láàárín aláìníláárí méjì.
Bí èje dé, ó tò. Bí ayaba dé, ó tò.
Mẹ́jọ péré nínú mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Àárín ti ní márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún.
Lyle, tí àyà ń já, ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí i.
Ẹyọ kan fún mẹ́jọ! Ewu ibẹ̀ kò tó márùn-ún.
Ìyá san án kí Lyle tó mí.

Ọba ló dé. Kò mú ayaba rẹ̀ wá.

Lyle fi apá méjèèjì wọ́ owó mọ́ra.
*Mo ṣe é dáadáa,* ìyá tún kọ ọ́ sábẹ́ tàkọ́kọ́.

Nínú ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó ka owó tó kù.
Ó dín. Kò bà á lọ́kàn jẹ́.
Ìwé náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó mọ ohun tó ń sọ fún un.

Ṣùgbọ́n irú òru báyìí ni Ramon ka àgùntàn rẹ̀ wọ ọgbà,
ẹgbẹ̀rún tó dín ẹyọ kan,
ló bá gbé àtùpà, ló padà sínú ìjì.
Ẹyọ kan, nínú ẹgbẹ̀rún.
Ìyá ti ṣe ìṣirò yẹn láìmọye ìgbà.
Kò tíì kọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀.