Ìpàdé Páìpù ní Òkè Valparaíso
Ilé-ẹ̀kọ́ la ti ṣèpàdé, lórí àga àwọn ọmọdé,
orúnkún àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Hermógenes ló kọ́kọ́ dìde, ilé rẹ̀ wà lókè téńté:
"Ká fi ìbú ojúlé díwọ̀n owó. Tèmi ò ju mítà mẹ́fà lọ."
Yasna ní rárá, ilé ìyàgbẹ́ ni ká kà;
ẹni tó ní mẹ́ta, kó san ti mẹ́ta.
Ẹni tó ní mẹ́ta ń wo bàtà ara rẹ̀.
Ẹnìkan ní ìjọba ńkọ́? Ẹ̀rín pa wá.

"Èmi ò tiẹ̀ nílò páìpù," Hermógenes tún wí,
"tèmi ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Odò kì í bojú wẹ̀yìn."

Eduvigis kò pariwo,
ìyá ìsàlẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn parí sí.
"Mo mọ̀. Ó ń dé.
Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà, mo máa ń mọ̀.
Igi lẹ́mọ́ọ̀nù mi ti kú.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín
pé ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń san tèmi."

Akọ̀wé gbé kálàmù sókè,
kò mọ ìlà tí yóò kọ ọ́ sí.
Hermógenes jókòó. Àga kékeré náà dún kẹ̀ẹ́.
Lóde, òjò ti bẹ̀rẹ̀,
gbogbo wa sì mọ ibi tó ń lọ.