A Pa Á, Kò Kú

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ẹ̀rọ agbèéfín ń dákú
ní ilé-iṣẹ́ irin tó wà lójú ọ̀nà Ìkìrun.
Èéfín ń rọ̀ sórí páànù àwọn ará àdúgbò,
aṣọ funfun tí wọ́n sá ń wọlé ní dúdú.
Obìnrin kan kó tirẹ̀ wá fún máníjà nínú báàfù,
kò sọ̀rọ̀,
ó kàn gbé e sílẹ̀, ó lọ.

Àwọn ọ̀gá wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí mẹ́ta.
Wọ́n wọn ọ̀tún, wọ́n wọn òsì,
wọ́n bu òróró inú tiransifọ́mà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀,
wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é.
Ní ọ̀sán gangan!
Àrùn tó mọ àsìkò dókítà,
ẹ̀rín ló fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n wá fi èmi sílẹ̀ fún òru,
èmi Ṣèkínátù, ọmọ aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Ìyá mi a máa fi ìka tọ́ aró wò
kí ó tó sọ pé aró ti mú.
Ìkòkò tèmi, a kì í ti ìka bọ̀ ọ́:
ẹgbàá lọ́nà ọgbọ̀n fóótì ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Ògúnsakin ló kọ́ mi.
Ó ní, "Já a sílẹ̀. Fi àgádágodo sí i.
Kọ́kọ́rọ́, àpò tìrẹ ni,
kì í ṣe àpò ẹni tó o fọkàn tán.
Iná tí o pa, má pè é lókùú,
ó ń di èémí sínú kapásítọ̀.
Fi ọ̀pá ilẹ̀ kàn án.
Tún un kàn."
Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́, kí ni fún?"
Ó na àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sí mi,
èyí tí kì í tẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí.

Bàbá Làmídì, ọlọ́dẹ wa, ló ṣí mi létí:
"Ìgbà tí mo bá ń ṣe àlùwàlá ló máa ń ké.
Lóru ìjẹta tí ọyẹ́ la gbogbo wa létè,
kò ké rárá."
Mo fọwọ́ kan kẹ́túlù rẹ̀ lẹ́yìn.
Ó tutù, ó ń sun omi.
Ìrì.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo dúró sẹ́yìn ọgbà wáyà.
Aago mẹ́rin kọjá. Ẹ̀fọn jẹ mí títí.
Lẹ́yìn náà ni okùn tínrín kan rìn lára tánganran,
ó rọra gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń sín bí ológbò,
àwọ̀ rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, aró ni,
aró gan-an, aró ìkòkò kìíní tí ìyá mi kì í tà fẹ́nikẹ́ni.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.
Ó bú gbàmù. Gbogbo rẹ̀ ṣú.

Mo já a. Mo tì í. Kọ́kọ́rọ́ wọ àpò mi.
Mo fi ọ̀pá ilẹ̀ kàn án: ta!
Mo kà dé ọgọ́rùn-ún, mo tún un kàn:
tẹ́,
kékeré, bí ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dákẹ́.
Mo fi àkísà nu tánganran náà.
Ìlà kan wà níbẹ̀, kò nípọn tó irun ọmọ tuntun,
èéfín ti kún inú rẹ̀, ìrì sì ti pò ó bí ẹ̀kọ.

"Ṣé ó ti kú wàyí?" ni Bàbá Làmídì wí.
Mo ní kí ìrì ọ̀la sẹ̀ ná.

Aago mẹ́jọ ni ẹni tó ń ṣọ́ tánganran tuntun máa dé,
mo bá lọ wẹ̀ nílé.
Máníjà pè mí nígbà mẹ́sàn-án:
kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí wọ́n tan án wò,
ó lè ti sàn fúnra rẹ̀.
Mo jẹ́ kí fóònù máa dún lórí àga.
Ọṣẹ wà lójú mi,
kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òsì mi,
lábẹ́ àtàǹpàkò tó ṣì ń tẹ̀.