Èdìdì Méjì

Iná ti lọ ní Òkè-Àró láti àná.
Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ bátìrì ọkọ̀ bàbá mi,
mo gbé e lé àpótí aṣọ nínú yàrá rẹ̀,
ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń wọlé nílé wa l'Ákùúrẹ́,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tí mo wá tọ́jú.

Yunifásítì méjì fẹ́ fún ọmọ kan ní oyè másítà méjì:
ọdún kan ní Pọtogí, níbi tí mo ti ń kọ́ni,
ọdún kan ní Bẹ́líjíọ̀mù,
ọgọ́ta yúníìtì níhìn-ín, ọgọ́ta lọ́hùn-ún.
Lórí ìwé, ó dùn ún wò.
Oṣù kẹrìnlá rèé tí a ti ń fà á.
Ta ló máa gba owó ilé-ìwé?
Orúkọ ta ni yóò ṣáájú lójú ìwé-ẹ̀rí?
Lálẹ́ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Bẹ́líjíọ̀mù yọ awò ojú rẹ̀,
ó ní àwọn ò lè gba máàkì tí àwọn ò fúnra àwọn fún ọmọ.
Ará Pọtogí ní kò burú, àwọn náà ò ní gba tiwọn.
Mo ní kí a sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Kí ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí?"
Mo rò pé Bàbá ti sùn ni.
Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

Ogún ọdún ló fi ṣe gíréédà kòkó ní Oǹdó.
Ọ̀bẹ kékeré, òjé, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tẹ èdìdì.
"Ọgọ́rùn-ún hóró ni mo máa ń là,
mo ka èyí tó bu, mo ka èyí tó hù, mo ka èyí tí kòkòrò jẹ,
kí n tó tẹ èdìdì mi sẹ́nu àpò.
Ó dé Àkúrẹ́, Akínfọlárìn á já a, á tún un là.
Ó dé èbúté, wọ́n á tún já a.
Kòkó kan, ọ̀bẹ mẹ́ta!
Ká ní a ò mójú tó wọn, èèpo ni òyìnbó ìbá rà."

Ó béèrè omi. Mo fún un.

"Lọ́dún tí odò Ọ̀wẹnà gbé afárá lọ,
lọ́rì mi dúró lápá ibí, Akínfọlárìn dúró lápá ọ̀hún.
Ọjọ́ mẹ́ta. Ìjà tán lẹ́nu wa, ebi ló kù.
Mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá pẹ̀lú àwo hóró mi,
mo ní, gba ọ̀bẹ mi, fún mi ní tìrẹ.
Ó la tèmi, mo la tirẹ̀, a ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ohun tí mo pè ní bíbu, òun náà pè é ní bíbu.
Láti ọjọ́ náà, kò já èdìdì mi mọ́,
èmi náà ò sì fọwọ́ kan tirẹ̀."

Kò tàn yín jẹ rí?

"Lẹ́ẹ̀kan. Àpò mẹ́fà.
Mo mọ̀. Mo mú un mọ́ra.
Lọ́dún kejì, èmi náà ṣe mẹ́rin."

Mo padà sójú kọ̀ǹpútà. N ò sọ ìtàn Ọ̀wẹnà fún wọn;
mo kàn ní kí olùdánwò Pọtogí lọ jókòó ní yàrá ìdánwò Bẹ́líjíọ̀mù,
kí ti Bẹ́líjíọ̀mù wá sọ́dọ̀ wa,
kí olúkúlùkù fi ọ̀bẹ ẹnìkejì là.
"Ọ̀bẹ wo?" ni wọ́n wí. Mo ní àṣìsọ ni.
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá tún gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.
"Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ tí ẹ fẹ́ máa gbé kiri bí àpò kòkó yìí,
lóru tó bá ti ìlú kan dé èkejì,
ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo yẹ ojú-ìwé mẹ́tàdínlógún wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Owó wà níbẹ̀. Èdìdì wà níbẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, a ṣì ń jà lé e.
Kò sí ilẹ̀kùn.

Mo na ọwọ́ sókè pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù.
Ìnfátà orí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ké
bí òròmọdìẹ tó sọnù.