Fèrèsé Ni Mo Kọ́kọ́ Yà

Kí n tó fa ìlà ògiri, kí n tó wọn ìpìlẹ̀,
fèrèsé ni.

Nítorí ilé tí wọ́n bí mi sí ní Òkè-Àró,
yàrá mẹ́jọ ló kọjú síra wọn bí ẹni ń bínú,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín wọn dúdú bí inú ìkòkò.
Agogo méjìlá ọ̀sán, màmá mi á tan àtùpà
kó tó lè ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
Àkùkọ ilé kejì ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ mọ́.
A ò rí i. A kàn gbà á gbọ́ ni.

Wo ilẹ̀ òfìfo yìí, lẹ́yìn ilé epo ní Arákalẹ̀:
ogún ọdún ó lé tó ti ń jẹ ike, tó ń jẹ táyà,
koríko rẹ̀ ga ju ọmọ ọdún méje lọ.
Lára ògiri tó wó kù ìdajì, ẹnìkan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́:
ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Àwọn ọmọ Fádùgbà ló ń jà lé e lórí.
Mẹ́ta ti kú nínú wọn. Ilẹ̀ ò kú.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó kù fọwọ́ síwèé, mo gbé tépù dé,
èmi àti Akínsúyì bíríkìlà.
Alájà mẹ́ta, mo ní, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ,
kí arúgbó lè gùn ún kó má sinmi ju ẹ̀ẹ̀kan.
Búlọ́ọ̀kù alámọ̀, sìmẹ́ńtì díẹ̀,
kí owó ilé má baà jẹ owó ilé ìwé.
Mo pa yàrá kan rẹ́ pátápátá
kí atẹ́gùn odò Alà lè rọ́nà gbà kọjá.
"Yàrá kan, Àǹtí? Owó mà nìyẹn!"
Mo ní mo mọ̀.

Màmá Adéfolú, tòun tọmọ-ọmọ mẹ́rin nínú yàrá kan,
gba bébà náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fìka lé e:
"Gbogbo ihò wọ̀nyí ńkọ́?"
Fèrèsé ni, mà.
Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.
"Èló lẹ máa gbà lórí oòrùn?"

Mo ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù tó ti mú tẹ́lẹ̀.

Ilé ò tíì lórùlé. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ owó oṣù.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, mo bá a lájà kejì,
ó dúró níbi tí fèrèsé máa wà,
ó na àtẹ́lẹwọ́ síta bí ẹni ń wò bóyá òjò ń rọ̀.
Kò wẹ̀yìn.
Ó ní, "Ilẹ̀ mà ti mọ́."